Ìlá Tuntun Ń Bọ̀

Ẹ má fi ìwé Yorùbá tí kò ní àmì ohùn lé mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ mi mọ̀, àwọn tí mo kọ́ níwèé náà mọ̀. Tí wọ́n bá gbé ìwé ìpè tàbí ìwé ìròyìn tí wọ́n kọ lásán bẹ́ẹ̀ wá bá mi, inú á bí mi, n ó sì dá a padà fún ẹni tó gbé e wá. Wọ́n á ní ìyá yìí ti le jù, pé ṣé àmì kékeré náà ló fa gbogbo ariwo yìí. Àmì kékeré! Àmì kan péré ló gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé Kàdúná, èmi ni mo sì fi ẹnu ara mi gbé àmì náà lé orí ọ̀rọ̀.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la ṣì wà nígbà yẹn, àwọn alágbádá ló ń ṣèjọba, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni. Wọ́n fún mi ní kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlá. Yorùbá wà lára ohun tí mò ń kọ́ wọn, mo sì gbóná nídìí rẹ̀. Ìgbómìnà là ń sọ nílé, Yorùbá inú ìwé là ń kọ ní kíláàsì, ọmọ tó bá sì kọ ọ́ láìfi àmì sí i yóò jókòó tì mí títí yóò fi kọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló mú kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì, kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ẹsẹ̀ kan ló sì fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Lọ́rì ló ba ẹsẹ̀ kejì jẹ́. Kí wọ́n tó bí mi, ó wọ lọ́rì lọ sí òkè Ọya láti ra aṣọ, lọ́rì náà sì dojú dé nítòsí Jẹ́bà. Àwọn méjì tó jókòó tì í kò dìde mọ́. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò wọ ọkọ̀ kọjá Òṣogbo. Táàsì Ọ̀tan Ayégbajú pàápàá, tó bá wọ̀ ọ́, yóò máa bẹ dírẹ́bà pé kó rọra títí wọ́n á fi dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin nìkan ló ní òun fọkàn tán, nítorí kò sí ẹni tó ń bá a du ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń bà á lẹ́rù ju lọ́rì lọ. Mùsùlùmí ni wá, òkú wa kì í pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, wọ́n á ti kírun sí i lára kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú, Èkó ni bàbá mi wà níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Lọ́jọ́ kejì ló tó dé, erùpẹ̀ tútù ló sì bá. Kò fi ìgbà kan gbàgbé rẹ̀. Òun ló ṣe fi òfin kan lélẹ̀ fún àwa ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì: ibi tí ọkọ wa bá ń gbé, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí èèyàn ti lè gbéra lẹ́yìn ìrun àsùbáà kó sì wọ Ìlá kí wọ́n tó kírun làásárì. Bó ṣe ń wọn ọ̀nà nìyẹn, máìlì kò kàn án. Òṣogbo wọlé, Ìlọrin wọlé, Ìbàdàn náà wọlé. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, kò sí àyè. Ó tó ọkùnrin mẹ́ta tó wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi, tí bàbá mi kàn bi wọ́n pé, "Láti àsùbáà?" Tí wọn ò bá ti lè dáhùn pé kó tó di làásárì, wọ́n á gbé fìlà wọn, wọ́n á máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ìyà òfin yìí jẹ. Òun ló ń gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti bàbá wa lọ, bàbá wa pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún Iléyá kan, ọkùnrin ará Ìrèsì kan gbé aṣọ wá fún wa láti rán. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Kàdúná ló ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ náà sì wà lára èyí tí wọ́n hun níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa á, ó ní owú rẹ̀ kò ki tó. Ọkùnrin náà ní kí ni télọ̀ mọ̀ nípa híhun. Wọ́n ń jiyàn lọ, wọn ò dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ wọn ò bínú síra wọn, mo sì ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Kàdúná. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi kọ ọ́. Bàbá wa fẹ́ràn ọkùnrin náà, kò sì fi pamọ́, ṣùgbọ́n Kàdúná! Rélùwéè tó bá gbéra níbẹ̀ lónìí, tó bá wù ú kó dé Ọ̀ffà lọ́la, tó bá wù ú kó di ọ̀tunla. Bàbá wa ní kí ọkùnrin náà wá iṣẹ́ sí Ìlọrin kó tó padà wá. Iṣẹ́ kò sí ní Ìlọrin, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń sún mọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ti ilé ìwé dé, tí wọ́n sì na ìwé ìròyìn Yorùbá sí mi. Èmi ni mo máa ń kà á fún àwọn àgbà tó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi wà níbẹ̀, àti bàbá àgbàlagbà kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Sáríà kó tó fẹ̀yìn tì, àti dírẹ́bà táàsì kan tó ń ná Ọ̀tan, Ìré àti Ìrèsì. Ẹ̀gbọ́n mi dúró nídìí tábìlì, ó ń gé aṣọ. Lẹ́tà gàdàgbà-gadagba ló wà lókè ìwé náà, kò sí àmì kankan lórí wọn: OKO OJU IRIN ASARE: ILA TUNTUN N BO.

Mo la ohùn bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Mo ní, "Ọkọ̀ ojú irin asáré: Ìlá tuntun ń bọ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Háà, ara mi bù máṣọ! Mo tún un kà, ohun kan náà ni mo rí. Mo wá sáré bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pé ILA TUNTUN yìí ni yóò so Èkó pọ̀ mọ́ Kàdúná àti Kánò, pé ẹni tó jẹun àárọ̀ lókè Ọya yóò jẹun ọ̀sán nílẹ̀ Yorùbá, pé ọkọ̀ náà yóò máa sáré bíi ti ilẹ̀ Japáànù, èrò nìkan ni yóò sì máa kó. Gbogbo ibi tí mo ti bá ọ̀rọ̀ náà ni mo ti pe orúkọ ìlú wa. Kí ni ǹ bá tún pè? Ọ̀rọ̀ kan sì wà níbẹ̀ tí mo fò bí ẹni fo kòtò. Wọ́n kọ ọ́ pé ìjọba "ń gbèrò". Mo kà á, mi ò ní pa irọ́, ṣùgbọ́n mo kà á kíákíá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Bàbá rélùwéè ló kọ́kọ́ tú u. Ó ní ó ti yé òun. Ó ní ọkọ̀ tó bá máa sáré bẹ́ẹ̀ kò lè rìn lójú irin àtijọ́, nítorí ojú irin àtijọ́ há, ó sì wọ́, ẹrù àti èrò ló sì jọ ń gba orí rẹ̀, tí èrò á máa dúró kí ọkọ̀ ẹrù kọjá. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ la ọ̀nà tuntun tó gún régé, kí wọ́n sì ṣe ọgbà yí i ká nítorí màlúù. Ó ní ọ̀nà tuntun náà ló máa gba ọ̀dọ̀ wa, pé ibi tí wọ́n bá kọ́ ibùdókọ̀ sí lẹ́yìn ìlú ni wọ́n máa pè ní Ìlá Tuntun. Ó yé gbogbo wa. Dírẹ́bà táàsì tó yẹ kó fajú ro ló ń rẹ́rìn-ín jù. Ó ní ṣé ọkọ̀ ojú irin náà ló máa lọ kó èrò nílé ní Ìrèsì ni, àbí òun? Wọ́n ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó á lè máa sùn sílé rẹ̀ ní Ìlá, ata tí wọ́n ká láàárọ̀ ò ní í rà kó tó dọ́jà, aláìsàn á tètè rí dókítà ńlá, àwọn ọ̀dọ́ á sì yéé sá fi ìlú sílẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí àwọn àgbà yẹn sọ̀rọ̀ ìjọba láìbú ẹnikẹ́ni rí.

Bàbá mi nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, ó yíjú sí bàbá rélùwéè.

"Kàdúná ńkọ́? Láti àsùbáà?"

Bàbá rélùwéè ka ìka rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá kírun àsùbáà ní Kàdúná, tó sì wọ irú ọkọ̀ yẹn, yóò dé kí ọ̀sán tó pọ́n, yóò sì tún ráyè wẹ̀ kó tó di làásárì. Àlùmọ́gàjí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dúró sórí aṣọ. Mo wò ó, kò wo ẹnikẹ́ni. Bàbá mi tẹ ẹ̀rọ díẹ̀, ó tún dáwọ́ dúró.

"Tíṣà," ó ní, "kọ̀wé sí ọmọ Ìrèsì yẹn kó máa bọ̀."

Bí wọ́n ṣe fọmọ fọ́kọ nìyẹn. Ìwé ìròyìn ló fọmọ fọ́kọ! Ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ mi lẹ́yìnkùlé, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu mi yìí, òun ó máa fi ẹran bọ́ ọ títí òun ó fi kú. Bàbá mi gé ojú ìwé náà kúrò, ó ká a, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, láàárín àwọn òwú. Ìròyìn náà sì jà rànyìn. Wọ́n ní àwọn ará Ọ̀tan ń bínú pé kí ló dé tó jẹ́ Ìlá ni. Ẹnìkan ti ń wá ilẹ̀ rà sí ibi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ojú irin á gbà.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n so yìgì, mò ń kọ́ kíláàsì kẹrin ní àmì ohùn. Mo kọ I-L-A sára pátákó lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ní kí wọ́n wá fi àmì sí i. Ẹni àkọ́kọ́ fi àmì sí i, ó di ilá tí à ń sè. Èkejì sọ ọ́ di ilà ojú. Ẹ̀kẹta, ó di Ìlá, ìlú wa, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan jáde wá, ó fi àmì ìsàlẹ̀ méjèèjì sí èyí tó kù, ó ní, "Ìlà, mà. Èyí tí a fi rúlà fà." Ó sì fi ẹfun fa ìlà gbọọrọ kan láti etí pátákó títí dé etí kejì.

Mo wo ìlà náà. Orí mi fò lọ. Ìlà tuntun ń bọ̀. Ìlà! Ojú irin tuntun ni wọ́n ń wí! Ẹni tó kọ ìwé ìròyìn náà ló tú u láti inú Òyìnbó ní tààrà. Ta ní í pe ojú irin ní ìlà nílẹ̀ wa? Ojú irin là ń pè é, láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti mọ̀ ọ́n. Ìlà tuntun yìí ni yóò so Èkó pọ̀ mọ́ Kàdúná. Kò sí Ìlá kankan níbẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ìlà náà, ìjọba ń gbèrò ni. Èmi tí mò ń dá ọmọ ọlọ́mọ dúró nítorí àmì, èmi ni mo fi àmì ìlú mi lé orí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn ọmọ ń wò mí. Mo jókòó sórí àga, mo ní kí wọ́n dà á kọ, mi ò sì dìde títí agogo fi lù.

Mo ti ilé ìwé gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo sọ ọ́ fún un. Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, ó ń ká aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Mo ní mo gbọ́dọ̀ lọ sọ ọ́ fún Bàbá lọ́jọ́ náà.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹnu rẹ ló gbé mi débí yìí," ó ní. "Jọ̀ọ́, fi í pamọ́ fún mi. Bàbá ò ní í kú lónìí, kò sì ní í kú lọ́la. Bó bá fi máa tó àkókò, bóyá wọ́n á ti ṣe ọkọ̀ náà."

Mo fi í pamọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Wọ́n so yìgì, a sì sìn wọ́n dé Ọ̀ffà. Ọ̀sán ni wọ́n ní ọkọ̀ máa dé, oòrùn ti ń wọ̀ kó tó fọn fèrè, àwọn èrò so mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bàbá mi rọra ti ẹrù ọmọ rẹ̀ wọlé láti ojú fèrèsé. Ó ní kí wọ́n fara da èyí ná, pé Ìlá Tuntun ni àwọn á ti máa wọkọ̀ láìpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi láti orí èjìká Bàbá. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn ológun gbàjọba. Ìwé ìròyìn kò sọ nǹkan kan mọ́ nípa ọkọ̀ asáré. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá mi á gbé orí sókè nídìí iṣẹ́, á bi mí pé ibo ni wọ́n bá iṣẹ́ ojú irin náà dé. Èmi á ní, "Wọ́n ń wọn ilẹ̀, Bàbá." Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ní wọ́n ṣì ń wọ̀n ọ́n. Bí irọ́ náà ṣe rọrùn tó lẹ́nu mi ń ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi ń wá déédéé. Ó ti ní ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló tíì wá sílé, nígbà Iléyá, àárẹ̀ ọ̀nà kò sì jẹ́ kó gbádùn ara rẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ọdún kẹta ni wáyà dé láti pósọ́fíìsì. Èmi náà ni mo tún kà á. Èdè Òyìnbó ni, ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré: ara ìyàwó kò yá, ó wà ní ọsibítù, ẹ máa bọ̀. Bàbá mi dìde láìpari aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a gba Ìlọrin lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní òun kò ní í wọ ọkọ̀ gba Jẹ́bà mọ́, Ọ̀ffà là ń lọ. Táàsì gbé wa dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Bàbá mi ló lọ bá kíláàkì tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí i dáadáa, ó ní Kàdúná ni, èèyàn méjì. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mo ti ń sá fún láti ọdún mẹ́ta.

"Èyí tó ń sáré ni kí ẹ fún wa o. Ọmọ mi ni ara rẹ̀ kò yá."

Kíláàkì náà bojú wò ó láti ihò wíńdò. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín, inú ìbá sì bí mi, ǹ bá rí nǹkan bínú sí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹyọ kan ló wà. Èyí tó ń bọ̀ náà, ó ti bàjẹ́ sọ́nà. Ó lè di ọ̀la."

Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó bi mí pé ṣé wọn ò tíì wọn ilẹ̀ náà tán ni. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láàárín èrò, mo sọ gbogbo rẹ̀: àkọlé tí kò lámì, ìlà tí ọmọ kíláàsì mi fà, ẹ̀bẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí, irọ́ tí mo ń pa. Mo ń dúró kó gbá mi létí. Ó ń wo ojú irin tó wà níwájú wa, irin méjì tó lọ láìdúró títí a kò fi rí i mọ́.

"Ìlà," ó ní. Ó pè é dáadáa, àmì ìsàlẹ̀ méjèèjì. Ó tún un pè. Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ tó dé.

Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn ńlá máa sọ àǹfààní ọkọ̀ ojú irin asáré lórí rédíò. Èmi kò nílò rédíò. Mo jókòó sínú èyí tí kò sáré, mo sì fojú rí ohun tí àìsáré ń bà jẹ́. Obìnrin kan láti Ọ̀ffà kó tòmátì lọ sí Mínnà, omi tòmátì náà ń ṣàn sí wa lẹ́sẹ̀ kí a tó dé Jẹ́bà. Ọ̀dọ́ kan tó ń lọ ṣèdánwò ní Sáríà ń wo aago, ó ń wò ó, nígbà tó yá ó bọ́ aago náà sápò. A dúró fún ọkọ̀ ẹrù. A dúró nítorí màlúù. A dúró níbì kan láìsí ìdí tí ẹnikẹ́ni sọ fún wa. Gbogbo ohun tí bàbá rélùwéè sọ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà ni mo rí. Mò ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́kàn: ká ní ìlà náà wà, gbàrà tí wáyà dé ni à bá ti gbéra, à bá sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó parí. Bàbá mi di ìwé ìròyìn náà mọ́wọ́. Mi ò mọ ìgbà tó mú un nínú dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́ kẹta tí wáyà dé la wọ Kàdúná, lẹ́yìn àyìlá, ìrun ọ̀sán. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó rí wa, kò dọ̀bálẹ̀. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú iyanrìn, bí ẹni tí wọ́n yọ eegun rẹ̀. Mo di ògiri mú. Ó ní inú ló run ìyàwó òun, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, wọ́n ṣe é, kò sì jí dáadáa.

Bàbá mi gbá ọ̀pá rẹ̀ mú. "Ìgbà wo?"

"Àná, Bàbá. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà."

Bàbá mi kò béèrè ìyókù. Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní ìyàwó òun ń sọ ṣáá pé Bàbá á dé kí wọ́n tó kírun làásárì, pé ojú ọ̀nà ló ń wò títí. Ó ní àwọn lemọ́mù ní kí wọ́n gbé e lọ lẹ́yìn àyìlá, òun bẹ̀ wọ́n.

"A dúró dè yín, Bàbá. A dúró títí di làásárì."

Mo pariwo. Èmi tí kì í sunkún lójú èèyàn, mo kígbe débi pé àwọn aládùúgbò sáré jáde. Gbogbo ọdún tí bàbá mi fi ń wọn ọ̀nà, òkú ara rẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Kò fìgbà kan rí i pé òun ni yóò rin ọ̀nà náà, òun ni kò ní í tètè dé. Wọ́n mú wa lọ síbi tí wọ́n sin ín sí. Erùpẹ̀ tútù la bá, bàbá mi sì dúró níbẹ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

A ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán níbẹ̀ kí a tó padà sílé. Bàbá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí a dé. Mo yà kí i ní kùtùkùtù kí n tó lọ sí ilé ìwé. Aṣọ tó fi sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ó mú ìwé ìròyìn náà jáde, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya sí méjì níbi tí wọ́n ti ká a, ó ní kí n kà á.

Mo kà á bó ṣe yẹ. Mo ní ìlà tuntun ń bọ̀. Mo ní ìjọba ń gbèrò, mo sì pe "ń gbèrò" kó yé e dáadáa. Mi ò fo nǹkan kan.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó mi orí.

"Rárá," ó ní. "Kà á bí o ṣe kà á lọ́jọ́ náà."

Mo wò ó. Kò gbójú kúrò lójú mi. Mo wo tábìlì tí ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń gé aṣọ, àlùmọ́gàjí rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Mo la ohùn.

"Ọkọ̀ ojú irin asáré: Ìlá tuntun ń bọ̀."

Ó fetí sí i, ó di ojú. Lẹ́yìn náà ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó dá a padà sáàárín àwọn òwú. Ó ní kí n máa lọ, pé agogo ilé ìwé ti lù, àwọn ọmọ ń dúró dè mí.